Àwọn Tí Ó Gbé Hitler Dé Orí Oyè

Ogun Hitler ni àwọn àgbà Ìgbómìnà ń pe ogun 1939 sí 1945. Orúkọ náà lè mú wa rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ba Jámánì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní 1923, owó Jámánì di ìwé lásán. Nígbà tí ọjà ayé tún wó láti 1929, tí owó kòkó wálẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́hùn-ún ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ ní 1932. Àgbẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà lára àwọn tí ó tètè dìbò fún un. Kí àgbẹ̀ Ìlá-Ọ̀ràngún má fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó ní àwọn Júù ni ó fa ìyà náà. Irọ́ gbáà ni. Àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lu alátakò ní ìgboro. Síbẹ̀, ní oṣù keje 1932, ìbò 37 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí. Àwọn àgbà òṣèlú tí wọ́n rò pé àwọn yóò máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún ni wọ́n gbé e gorí oyè ní oṣù kìn-ín-ní 1933. Kí oṣù keje tó parí, ẹgbẹ́ tirẹ̀ nìkan ni òfin gbà láàyè.

Ó tún ń béèrè Tógò àti Kamẹrúùnù padà. Ká ní ó rí wọn gbà ni, ẹnu ibodè wa ni ì bá jókòó sí.

Àwọn àgbà wa rí ilé tí a sun lẹ́yìn ìdìbò 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ jẹ́ kí a bi ẹgbẹ́ tiwa náà léèrè: ta ni ń sanwó fún ọ̀dọ́ tí ń gbé kùmọ̀ lọ sí ibi ìdìbò?