Láti Ìdí Rélùwéè: Àwọn Ará Wa Tí Ń Gbé Inú Ọkọ̀

A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fi ìròyìn ìkómọjáde àti ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí wa. Ẹ ó rí wọn ní ojú ewé kejì. Ìkómọjáde kan wà tí ẹ kò ní rí níbẹ̀, nítorí pé Ẹgbẹ́ kò gbọ́ pé wọ́n bímọ rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwa tí ń kọ ojú ewé yìí.

Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ wa ni ìwé orúkọ Ẹgbẹ́ wà. Òfin sọ pé ẹni tí kò bá wá sí ìpàdé fún oṣù mẹ́ta láìsọ ìdí, kí a fa igi lé orúkọ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, a fa igi lé orúkọ arákùnrin wa kan, apẹja, ọmọ Ìlàjẹ. A lo rúlà, a lo bírò pupa, inú wa sì dùn pé ìwé wa mọ́ tónítóní. Àwa tí a ń ka wákàtí ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́ kò wò ó pé oṣù kan náà ló máa ń pa ìpàdé jẹ lọ́dọọdún: láti ìgbà tí òjò bá le títí di ìgbà tó bá ń tán lọ.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún yìí, a lọ ra edé ní etí omi, lápá Nembe Waterside. Obìnrin kan tó gbọ́mọ pọ̀n kúnlẹ̀ kí wa: “Ẹ káàsán, Bàbá Akọ̀wé.” Aya arákùnrin náà ni. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin. A bi í pé níbo ni wọ́n ń gbé báyìí, ó sì na ọwọ́ sí ojú omi.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọkọ̀ pákó gígùn ni, wọ́n fi tapólì bo ìdajì rẹ̀ bí àtíbàbà. Agbada irin tí wọ́n da iyanrìn sí ni ibi ìdáná. Àwọ̀n ni tìmùtìmù, kẹ́ẹ̀gì omi mímu wà lọ́tọ̀, kẹ́ẹ̀gì epo wà lọ́tọ̀ níwájú níbi tí iná kò lè dé. Ọkọ, aya, àbúrò ọkọ àti ọmọ mẹ́ta ló ń sùn níbẹ̀. Arákùnrin wa ní òun ti gba yàrá rí ní Abonnema Wharf, ṣùgbọ́n wọ́n wó ibẹ̀ ní 2012. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti pinnu pé ilé tí kò ní ìpìlẹ̀, katakata kò lè wó o. Ó rẹ́rìn-ín, a bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wa kò dé ikùn.

Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ń múra àtiṣí. Láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ń pẹja nísàlẹ̀ odò Bonny. Bí oṣù kẹfà bá wọlé, ìgbì òkun a bẹ̀rẹ̀ sí ga lẹ́nu odò, a máa fa àwọ̀n ya, òjò a sì máa lu àwọn ọmọ lóru. Wọn kò sì lè kàn gbéra nígbà tó wù wọ́n, nítorí ìjì àkọ́rọ̀ òjò, èyí tí ń ti ìlà-oòrùn já lójijì, kì í fún ọlọ́kọ̀ ní àyè àtirònú. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gba ọ̀nà inú, láàárín igi ẹ̀gbà: Abonnema àti Degema, kọjá lápá Nembe, títí dé Forcados, kí wọ́n tó bọ́ sí odò Benin, tí wọn yóò sì yọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ. A gbọ́ pé àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí ń gbé inú ọkọ̀ onígbòkun ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: bí òtútù bá ti ń bọ̀, wọn a gba ọ̀nà omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun lọ sí Florida. Ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n ní alárìnkiri.

A jókòó, a ń wò wọ́n. Wọ́n ti dúró de ìgbà tí omi fà, wọ́n gbé ọkọ̀ lé orí ẹrẹ̀, wọ́n ha gbogbo ìkarawun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kúrò. Wọ́n ki òwú bọ àárín pákó, wọ́n fi ọ̀dà dúdú lé e, kíákíá, kí omi tó padà. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún tó sì ń fà, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ láàárín kíkún àti fífà, àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Arákùnrin wa kò ní ìwé kankan tó kọ ọ́ sí, kò sì ṣì í. Ní ti ọkọ̀ tiwa, ẹ má jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa àkókò.

Epo ló ń dà á láàmú jù. Kí owó ìrànwọ́ orí epo tó kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, jálá kan kò tó 200 náírà; kí oṣù náà tó parí, ó ti kọjá ìlọ́po méjì. Nítorí náà ó ti tún ìgbòkun bàbá rẹ̀ rán. Ó ní ìgbòkun náà kò lè gbé àwọn délé, nítorí láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òjò ti ń fẹ́ wá, apá ìwọ̀-oòrùn ni àwọn sì ń kọjú sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá kú, ẹni tó ní aṣọ lórí òpó sàn ju ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ.

A wá béèrè ohun tí kò yẹ kí a béèrè. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà wà ní kíláàsì kẹfà, ìwé rẹ̀ mọ́ tó, ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì sì kù sí dẹ̀dẹ̀. A ní, “Ṣé ẹ ó mú eléyìí lọ pẹ̀lú ìdánwò lọ́rùn?” Ọkùnrin náà dákẹ́, ó ń yí òwú lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn: “Bàbá Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ẹ ti fa igi lé wa lórúkọ. Ta ni a ó gbé ọmọ fún?”

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ilé tí wọ́n ń lọ kò fìdí múlẹ̀. Ayétòrò ni wọ́n ti wá, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tó ti ní iná mànàmáná ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń hun aṣọ, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ níbẹ̀. Òkun ti jẹ ibẹ̀ wọnú, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ ti bá a lọ. Láti 2004 ni a ti ń gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ ìdènà omi. Arákùnrin wa ní ibi tí wọ́n ti sọ òun lórúkọ, orí rẹ̀ ni òun ń wa ọkọ̀ gbà báyìí.

Àwọn àgbà kan nínú Ẹgbẹ́ ti sọ fún wa pé òfin ni òfin. A gbà. Ṣùgbọ́n rélùwéè tó dé Enugu láti ìhín ní 1916 ló kó púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí ìlú yìí. Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n lọ sí Makurdi tàbí Kafanchan, wọn a di ẹrù wọn, wọn a lọ, a sì ń pè é ní tiránsífà. Nígbà tí ẹja bá fún ẹnìkan ní tiránsífà, à ń sọ pé ó sá. A ó gbé e wá sí ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀: kí a dá orúkọ rẹ̀ padà láìgba owó ìtanràn, kí a sì fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé fún ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ àwọn ará wa tí ń tẹ̀lé omi. Ẹni tó bá fẹ́ takò ó, kó wá takò ó lójú gbogbo wa.

Wọ́n gbéra ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù karùn-ún, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí fà. A ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún àwọn ọmọ méjì tó bá wọn lọ. Ti ìkókó tóbi jù, ìyá rẹ̀ sì so ó mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀já. Wọ́n ti pè láti Forcados pé ẹ́ńjìnì kò tíì kú.

Ọmọbìnrin náà wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti ṣe ìdánwò rẹ̀, èsì kò tíì dé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sùn dáadáa. Ìyá àwọn ọmọ wa rò pé àárò ilé ni, ó bi í léèrè. Ó ní rárá o, Mà. Ó ní ilẹ̀ ilé yìí kì í mì.