Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé

Àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọba ló ni idà, ó lè gé ọwọ́ lódindi bó bá wù ú. Àmọ́ ìka ọwọ́ kan náà jọra, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọba tó bá yọ idà láìwádìí, aláìṣẹ̀ ni yóò gé, ẹlẹ́ṣẹ̀ á sì máa bá iṣẹ́ ibi rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ ní Jámánì lọ́dún 2011. Ní oṣù Karùn-ún, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn èèyàn láàmú ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, kíndìnrín àwọn mìíràn sì daṣẹ́ sílẹ̀. Kó tó rọlẹ̀ ní oṣù Keje, ó ti mú èèyàn tó lé ní 3,800, ó sì ti pa èèyàn tó lé ní 50.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Karùn-ún, àwọn aláṣẹ ìlera ní Hamburg kéde pé àwọn rí kòkòrò E. coli lára apálá tó wá láti Sípéènì. Ọjà dojú dé. Àwọn àgbẹ̀ ń da irè oko wọn nù, Rọ́ṣíà sì fòfin de ẹ̀fọ́ tútù láti Yúróòpù. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún péré tí Hamburg ṣe ìkéde yẹn, àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò ara apálá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìgbẹ́ àwọn aláìsàn. E. coli ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìdílé wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Bí àwọn baba wa ṣe ń wo ilà ojú kí wọ́n tó mọ ará Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ará Oǹdó, bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò ní ilà tirẹ̀. Lẹ́tà O dúró fún ohun tó bo ara rẹ̀, H dúró fún irù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. O104:H4 ni ilà apààyàn yìí. Ilà yìí àti ohun tí àwọn aláìsàn jẹ nílé oúnjẹ ni wọ́n tọ̀ dé oko kan ní Lower Saxony, níbi tí wọ́n ti ń hu èéhù fún jíjẹ ní tútù. Àwọn mìíràn kó irú kòkòrò kan náà nítòsí Bordeaux ní Faransé. Èéhù làwọn náà jẹ. Ìwádìí wá tọ́ka sí irúgbìn fenugreek kan tó ti Íjíbítì wá. Ìka tó ṣẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú òwe náà wọlé tiwa. Ìgbẹ́ gbuuru yóò máa yọ ẹnì kan lẹ́nu, yóò sáré lọ sí kẹ́míìsì, yóò ra kápúsù tẹtirasaikilin méjì gbé mì. Kò mọ ohun tó ṣẹ̀, ó ti yọ idà. Bó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ni, oògùn náà kò lè ràn án rárá. Àwọn kòkòrò inú ìfun tí ń ṣe wá lóore ló máa kú, èyí tó bá gbó lójú oògùn á jogún ilé, á sì fi agbára rẹ̀ ran àwọn aládùúgbò rẹ̀. Tẹtirasaikilin yìí gan-an wà lára oògùn tí kò ran O104:H4. Irú E. coli yẹn tún burú: àwọn oògùn apakòkòrò kan lè mú kó tu májèlé sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò fún un ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún ẹni náà mu. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ náà wò.

Lọ́dún 2011 yẹn, Yúróòpù ya mílíọ̀nù 210 owó yúrò sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn àgbẹ̀ tí ọjà wọn bàjẹ́ nínú. Owó lè tu àgbẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n idà tá a fi ń gé koríko lójoojúmọ́, bó bá kújú, kí la ó fi gé ìka tó ṣẹ̀ gan-an?