Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ̀rọ̀, Àmọ́ Kì Í Dárúkọ

Bí ara ènìyàn bá gbóná ní Erinje, tàbí níbikíbi nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun kan náà la sábà máa ń gbọ́: ibà àti táífọ́ọ̀dù. Èmi náà ti gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún rí nítorí bébà kan tó ní táífọ́ọ̀dù ń ṣe mí. Ta ló bi bébà náà léèrè?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal ni wọ́n máa ń ṣe. Dókítà Fernand Widal, ará Faransé, ló gbé e jáde ní 1896. Kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ọmọ ogun tí ara kó jọ láti bá a jà ló ń wá. Níbi tí àìsàn yìí ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ọmọ ogun ìjà èṣí ṣì lè wà lára ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ibà ẹlẹ́fọn pàápàá lè mú kí àyẹ̀wò náà sọ pé táífọ́ọ̀dù ni. Ẹni tó bá fẹ́ òótọ́ yóò jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ bóyá kòkòrò yóò hù níbẹ̀.

Dókítà tún lè ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ESR tàbí CRP. Ti ESR, wọ́n á gbé ẹ̀jẹ̀ dúró nínú túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ fún wákàtí kan, wọ́n á wo bó ti rọ̀ sísàlẹ̀ tó. Ẹni tó bá ti fún ẹ̀gẹ́ rí mọ bí sítáàṣì ṣe ń rọ̀ sísàlẹ̀ ọpọ́n. Bí ara bá ń bá nǹkan jà, ẹ̀jẹ̀ a máa yára rọ̀. Àmọ́ oyún àti àìtó ẹ̀jẹ̀ náà a máa mú un yára. CRP, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí ní New York ní 1930 lára àwọn tí òtútù àyà mú, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ló ti ń gòkè, bí ara bá sì ti ń yá, á já wálẹ̀. Méjèèjì á sọ fún ọ pé iná ń jó nínú ilé. Wọn kò mọ ẹni tó tanná ràn án.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ibà Lassa, tó ń pa ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, tí wọ́n ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Bí ibà lásán ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn ribavirin a sì máa ṣiṣẹ́ jù bí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi ọjọ́ márùn-ún gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù ńkọ́?

Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ènìyàn lóògùn ibà ẹlẹ́fọn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ orí ìka ló ń gbà. Ẹ̀kán orí ìka náà ti tó fún CRP báyìí. Kí ìjọba Oǹdó gbé àyẹ̀wò CRP dé àwọn ilé ìwòsàn abúlé wa, kí wọ́n sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á.