Ta Ni Ó Ń San Owó Ìgbàgbọ́ Rẹ?

Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò tí a kì í sábà bi ara wa nínú ìjọ, nítorí a rò pé ìdáhùn rẹ̀ ti hàn kedere. Ṣé ìwà rere ni ìgbàgbọ́? Kí n má fi igbá kan bọ̀kan nínú, èmi kò rò pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè le létí ẹni tó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, onígbàgbọ́ ni orúkọ tí a ń pe ọmọlẹ́yìn Kristi, ó sì ti mọ́ wa lára láti lo orúkọ náà bí ẹni pé ìwé ẹ̀rí ìwà ni. Ẹni tó ń wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ á ní, "Onígbàgbọ́ ni ọmọ náà o," ó parí. Ẹni tó ní yàrá tó fẹ́ fi háyà á ní onígbàgbọ́ lòun ń wá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó tó ìgbà mélòó tí ẹ ti fi owó yín lé arákùnrin kan lọ́wọ́ nítorí pé ó mọ àdúrà gbà, tí ẹ kò sì rí owó náà mọ́ títí dòní? Àwọn bàbá wa ní ìwà lẹ̀sìn. Wọn kò ní ẹ̀sìn nìwà.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé kejì tí àpọ́sítélì Pétérù kọ, orí kìíní, ẹsẹ karùn-ún. Àwọn tó ti gbàgbọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé ó ku ohun tí wọn yóò fi kún un; ìwà rere ló kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ìgbàgbọ́ bá jẹ́ ìwà rere tẹ́lẹ̀, kí ni a tún ń fi kún kí ni? Ta ni ó ń bu iyọ̀ sínú iyọ̀? Àwọn kan yóò ní ìjọ Kristi ti ka ìgbàgbọ́, ìrètí àti ìfẹ́ mọ́ ìwà rere láti ayébáyé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Thomas Aquinas, àgbà onímọ̀ ìjọ Àgùdà tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàlá, tó sì kọ̀wé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, sọ pé ìgbàgbọ́ tí kò ní ìfẹ́ nínú kì í ṣe ìwà rere. Jákọ́bù ti ka àwọn ẹ̀mí àìmọ́ mọ́ àwọn tó gbà pé Ọlọ́run kan ń bẹ. Kò sí ẹni tó máa torí ìyẹn pe èṣù ní oníwà rere.

Ní ọdún 1877, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, W. K. Clifford, tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìjọ rárá, pa àlọ́ kan tó yẹ kí a gbọ́. Ọkùnrin kan ní ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó, tó ti ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, ó sì fẹ́ fi kó àwọn ìdílé tó ń lọ wá ìgbé ayé tó dára ní òkè òkun. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó tún ọkọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n owó ńlá ni yóò ná an. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ yìí ti lọ tó ti bọ̀ láìséwu, àti pé Ọlọ́run kò ní ṣàì dáàbò bo irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn. Ọkọ̀ náà rì sáàárín òkun, ọkùnrin náà sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn adójútòfò. Clifford ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn wà lọ́rùn rẹ̀, bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti ọkàn wá. Ó tún fi kún un pé bí ọkọ̀ náà bá tilẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, ẹ̀bi rẹ̀ kò dín.

Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn mọ ọkọ̀ yẹn dáadáa. Ó ti kúrò lójú omi, ó ti di bọ́ọ̀sì. Táyà rẹ̀ ti pá, bíréékì rẹ̀ ń dún, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ Jésù sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Kí ó tó gbéra, ẹnì kan á dìde gbàdúrà, gbogbo wa á ṣe àmín. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ náà wà nílé rẹ̀, àmín wa ló fi rọ́pò táyà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ká tó yin ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Kenya bẹ̀rẹ̀ sí í hú òkú nínú igbó Shakahola, ní agbègbè Kilifi. Ọmọ ìjọ ni wọ́n, àwọn tí wọ́n ní a kọ́ láti fi ebi pa ara wọn kí wọ́n lè lọ bá Jésù. Òkú tí wọ́n hú jáde lé ní 400. Ní ọdún 2024, wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan olórí ìjọ náà, Paul Mackenzie, àti àwọn mìíràn lórí ikú ọmọdé 191. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Ẹ bá mi ro ó. Bí ó bá jẹ́ pé bí ìgbàgbọ́ ṣe lágbára tó ni a fi ń wọn ìwà rere, àwọn òbí wọ̀nyẹn ta gbogbo wa yọ. Ta ni nínú wa tó lè gba ààwẹ̀ dé ojú ikú? Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kì í gba ààwẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Ábúráhámù ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ tó le nìyẹn, èmi kò sì fẹ́ fò ó. Ísáákì ni ì bá san owó ìgbàgbọ́ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò gba owó náà. Àgbò ló kú, ọmọ bá bàbá rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ìránṣẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pé Ábúráhámù yìí kan náà ló dúró níwájú Ọlọ́run, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún Sódómù láti orí olódodo 50 títí ó fi já a sí 10. A máa ń wàásù nípa òkè Móríà lemọ́lemọ́. Ìdúnàádúrà yẹn, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ.

Ẹ wá wo Leah Sharibu, ọmọ ọdún 14, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 110 tí Boko Haram kó lọ ní Dapchi, ìpínlẹ̀ Yobe, ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2018. Ní oṣù kẹta wọ́n dá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn padà, wọ́n sì dá a dúró nítorí pé ó kọ̀ láti sẹ́ Kristi. Níwájú irú èyí, mo ṣí fìlà. Kò fi ọmọ ẹlòmíràn dúró fún ohun tó gbà gbọ́; ara òun tìkára rẹ̀ ló fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, báwo ni? Ìyàwó ń rọbí láti àná, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ọkọ ní, "A kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù, bí àwọn obìnrin Hébérù ni yóò ṣe bí i." Àwọn ará ìjọ á ní arákùnrin yìí ní ìgbàgbọ́ o. Ta ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀? Bàbá mìíràn kó owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta, ó fi gbin irúgbìn ní ìpàgọ́. Òun ló gba ìyìn, àwọn ọmọ ni wọ́n lé wálé láàárín táàmù. Pásítọ̀ ní kí màmá àgbà kan má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, kí ó lè fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn. Bí màmá bá ṣubú, kì í ṣe pásítọ̀ ni yóò máa gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru.

Àgbàlagbà tó bá fúnra rẹ̀ yàn láti gba ààwẹ̀, láti tọrẹ, láti jìyà fún òtítọ́, èmi kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá a sọ ju pé kí Olúwa fún un lókun. Ẹni tó bá ń fi ara ìyàwó, ikùn ọmọ tàbí ẹ̀mí èrò ọkọ̀ gba orúkọ fún ara rẹ̀ ni mo ń bá wí. Mo wá ní àbá kan fún ẹ̀yin alàgbà tó ń darí àkókò ẹ̀rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, bí bàbá kan bá jáde wá sọ bí òun ṣe fi ìgbàgbọ́ dúró, ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá ti sọ tirẹ̀ tán, ẹ gbé máìkì náà fún ìyàwó rẹ̀.