Agogo Tí A Kò Mọ Ẹni Tí Ó Rán An

Láyé àwọn baba wa, bí akéde bá lu agogo, gbogbo ìlú li ó mọ ààfin tí ó rán an. Bí ó bá purọ́, a mọ ilé tí a ó ti bèèrè. Lóde òní, fóònù ti di agogo li ọwọ́ olúkúlùkù, a kò sì mọ ẹni tí ó rán oníṣẹ́. Kì í ṣe àwọn ọmọdé li a ń bá wí. Àwọn olóyè àti àwọn ọ̀mọ̀wé ni, nítorí irọ́ tí ó bá gba ọwọ́ wọn kọjá, òtítọ́ ni ará ìlú ń pè é.

Ẹ rántí Èkó li ọdún 2023. Nínú ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé, Peter Obi ní ìbò 582,454 níbẹ̀, Bọ́lá Tinúbú sì ní 572,606. Láti ọjọ́ náà títí di ìdìbò gómìnà li ọjọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà, WhatsApp àti Facebook kò sinmi. Ọ̀pọ̀ kò bèèrè ohun tí Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour yóò ṣe fún Èkó bí ó bá wọlé. Wọ́n ń jiyàn bóyá ọmọ Yorùbá ni, nítorí pé ará Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin olùtọ́jú àṣà, láti ìgbà wo li a ti ń lé ọmọ kúrò ní ilé baba rẹ̀ nítorí ìlú ìyá rẹ̀? Ẹni tí ń ba àṣà jẹ́ li ó ń pariwo pé òun ń dáàbò bò ó!

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn alákìíyèsí ìdìbò ròyìn pé a dẹ́rù ba àwọn olùdìbò nítorí ẹ̀yà wọn. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó ju 7,000,000 lọ. Àwọn tí ó jáde kò tó 1,200,000. Ìbẹ̀rù nìkan kọ́ li ó fà á, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ lọ sí ibi tí a ti fi ọ̀rọ̀ dáná sílẹ̀ dè é?

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Èmi kọ́ li mo kọ ọ́, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mi ni, mo sì fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.” Àwọn àgbà ti dá a lóhùn: ẹni tí ó gbé epo li àjà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, ṣáájú ìdìbò tí ń bọ̀, kí olóyè kí ó bi oníṣẹ́ li orúkọ ẹni tí ó rán an. Iṣẹ́ tí kò bá ní olùrán, kí ó kú sí i li ọwọ́. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ tan irọ́ kálẹ̀, bí ó ti wù kí oyè rẹ̀ ga tó, kí a bá a wí ní gbangba. A fi wọ́n joyè kí wọn lè ṣọ́ ìlú. A kò fi wọ́n ṣe akéde fún ẹni tí wọn kò mọ̀.