Orin Wo Ló Yẹ Ọjọ́ Ìrántí Ogun?



Bí ọjọ́ 15 oṣù January bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ a máa wá orin tí ọmọ yóò kọ ní ìrántí àwọn sójà tó kú sógun. Nígbà náà ni àwọn ìyá máa ń bi wá ní mọ́ṣáláṣí pé, “Ààfáà, ṣé kí ọmọ mi má lọ ni? Orin ìjọ ni wọ́n fẹ́ kọ.”

Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ. Òkú tiwa náà ni. Nígbà ogun Hítílà, Dìfíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà ní Bọ́mà. Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá wọn lọ. Ní Taukkyan, nítòsí Rangoon, wọ́n kọ orúkọ ènìyàn bí 27,000 tí a kò mọ sàárè wọn sára òkúta. Orúkọ àwọn ará ilẹ̀ wa wà níbẹ̀. Ogun abẹ́lé tó parí ní ọjọ́ 15 January 1970 náà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn kó tó pa á.

Ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí bàbá tàbí ìyá tètè fi ọ̀wọ̀ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n tó kọ́ àwọn ọmọ lórin tán. Kí wọ́n jọ wá èyí tí ọmọ gbogbo ilé lè bá wọn ṣe. Kò jìnnà. Fèrè àwọn sójà tí òyìnbó ń pè ní Last Post kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Òun ni wọ́n fi ń kéde ní bárékè pé iṣẹ́ òòjọ́ ti parí, kó tó di fèrè ìsìnkú. Bí wọ́n bá fun ún tán, tí gbogbo ènìyàn dákẹ́ jẹ́ẹ́, kálukú lè tọrọ àánú Ọlọ́run fún òkú ní ọkàn rẹ̀. Orin orílẹ̀-èdè kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Bí onídùndún bá wà, kí ó rọra fi ìlù pe oríkì àwọn tó lọ tí wọn kò bọ̀.

Orin ijó àti orin tó ń fi ogun yangàn kò yẹ níbẹ̀. Wọn a sọ ìpànìyàn di eré lójú ọmọdé.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ rò ó pé opó sójà kan jókòó níwájú. Èyí tó bá lè tu ìyẹn nínú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́.

Kí Ọlọ́run forí jin àwọn òkú wa, kí Ó má fi ogun hàn wá mọ́. Àmín.