Òfin tí kò mojú ẹnikẹ́ni ló dá ẹja padà sí Goat Island

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òfin tó ń dáàbò bo ẹran múná, ẹ má wulẹ̀ ka ìwé òfin. Ẹ wo ohun tí ẹran náà ń ṣe nígbà tó bá rí ènìyàn. Ní Goat Island, lápá àríwá ìlú Auckland ní New Zealand, ẹja snapper kan tó gùn ju apá mi láti ìgunpá dé ọwọ́ lọ wá bá mi níbi tí mo dúró sí nínú omi tó mù mí dé àyà. Ó yí mi po, ó lọ, ó tún padà wá wò mí. Ọmọ ẹlẹ́ja ni mí l'Ẹ́pẹ́. Ọjà Olúwo ni ìyá mi ti ta ẹja títí tí gbogbo wa fi jáde ìwé. Kí n má purọ́, ata rodo ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Àbúrò mi tó ń gbé Auckland ló wà mí lọ. Ó tó wákàtí kan ààbọ̀ lójú ọ̀nà kí a tó dé Leigh, abúlé apẹja tó wà nítòsí ibẹ̀. Kì í ṣe iyanrìn gbọọrọ bíi ti Eléko ni wọ́n ń lọ wò níbẹ̀ o. Òkúta ni. Iyanrìn wà díẹ̀, àmọ́ àpáta pẹrẹsẹ ló tẹ́ lọ sínú omi lọ́tùn-ún lósì, ó ń yọ̀, àwọn ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ọn sì mú débi pé ẹni tó bá rìn lórí rẹ̀ láìwọ bàtà yóò dárò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni a lọ, síbẹ̀ omi tutù tó fi jẹ́ pé a ní láti yá aṣọ rọ́bà, pẹ̀lú awò ojú àti páìpù tí a fi ń mí. Mo mọ̀wẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n omi ọ̀sà wa kò jẹ́ kí ènìyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀. Èyí tí mo dojú bò yìí mọ́ gaara. Igbó ewé òkun aláwọ̀ ilẹ̀ ń jó síwá sẹ́yìn lórí àpáta, ọ̀wọ́ ẹja kéékèèké aláwọ̀ aró tí wọ́n ń pè ní maomao ń gba àárín rẹ̀ kọjá, kò sì sí èyí tó kà mí sí.

Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Auckland, tí wọ́n ní ilé ìwádìí sí ẹ̀gbẹ́ òkun náà, ló bẹ̀bẹ̀ láti bí ọdún 1965 pé kí ìjọba ti ibẹ̀ pa. Ìjọba kò rí òfin kankan tí wọ́n lè fi tì í. Ọdún 1971 ni wọ́n tó ṣe òfin náà. Ó di 1975 kí wọ́n tó ya hẹ́kítà 547 sọ́tọ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Bill Ballantine, ọ̀gá ilé ìwádìí yẹn, ló ta kú sídìí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kú ní 2015. Ohun tó ń tẹnu mọ́ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti gbà: kí ẹnikẹ́ni má mú ohunkóhun. Kì í ṣe pé kí olówó má mú tàbí kí oníṣòwò má mú. Láti etí omi dé ibi tí ààlà náà parí sí nínú agbami, tó jẹ́ 800 mítà títí di 2025, kò sí ẹja, kò sí ìkarahun, kò sí òkúta tí ènìyàn lè kó lọ sílé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àwa náà kì í ṣàì ní òfin nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òfin ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà. "Ọmọ wa ni." "Ẹyọ kan péré ni." "Bàbá ló ní kí n wá mú un." Nígbà tí gbogbo àwọn tó yẹ ká fojú fò bá mú tiwọn tán, kí ló kù tí òfin ń ṣọ́? Ohun tí wọ́n ṣe ní Leigh ni pé wọn kò dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kankan sí ilé náà.

Ẹ wo ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀, ìhòòhò ni púpọ̀ nínú àpáta abẹ́ omi náà wà. Kina ló fà á. Orúkọ tí àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, ń pe ẹ̀dá rìbìtì kan nìyẹn, tí ẹ̀gún bò lára, tó ń rá lórí òkúta tó sì ń jẹ ewé òkun láìsinmi. Snapper ńlá àti edé ńlá ló ń jẹ ẹ́. (Kì í ṣe edé gbígbẹ tí à ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ o, èyí tóbi ju bàtà mi lọ.) Nígbà tí àwọn apẹja ti kó snapper àti edé, kina kò rí ẹni dá a lẹ́kun mọ́, ó jẹ igbó náà run. Wọ́n ti òkun, àwọn tó ń jẹ kina padà, wọ́n dín in kù, igbó sì hù. Ẹnikẹ́ni kò gbin ewé kan. Àmọ́ ó gbà tó nǹkan bí ogún ọdún. Gómìnà ọlọ́dún mẹ́rin wo ló máa ní sùúrù iṣẹ́ tí ẹlòmíràn máa gba ìyìn rẹ̀?

Àwọn kan á ní, kí ni ànfààní ẹja tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ? Ó ní. Àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá snapper wẹ́wẹ́ wò dé 40 kìlómítà sí ibẹ̀, wọ́n rí i pé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ọmọ àwọn ìyá àti bàbá tó ń gbé inú hẹ́kítà 547 yẹn. Ìdí ni pé ẹja tó dàgbà ni ẹyin rẹ̀ ń pọ̀, inú ibi tí wọ́n tì ni àwọn àgbà ẹja sì wà. Àwọn tó ń pẹja níta ń jẹ ọmọ wọn láìmọ ibi tó ti wá.

Ṣùgbọ́n mi ò ní torí pé mo gbádùn ara mi kí n máa pọ́n wọn kọjá bó ṣe yẹ. 800 mítà àtijọ́ yẹn ti kéré jù. Edé ńlá kò mọ ààlà. Ó máa ń rìn jáde lọ jẹun, àwọn apẹja sì máa ń to pàkúté wọn dè é lẹ́yìn ìlà àtijọ́ náà gan-an. Iye edé tó wà nínú ààbò náà ti lọ sílẹ̀ gidigidi nítorí èyí. Ìlà tó bá sún mọ́ ilé ẹran jù, ọdẹ ló ń ṣe lóore.

Ẹ̀dùn-ọkàn àwọn Ngāti Manuhiri, ẹ̀yà Māori tó ni agbègbè náà kí òyìnbó tó dé, tún wúwo ju ìyẹn lọ. Te Hāwere-a-Maki ni wọ́n ń pe Goat Island gan-an, erékùṣù tó wà níwájú etíkun náà. Àwọn Māori ní àṣà ti wọn, rāhui, tí wọ́n fi ń ti omi títí ẹja yóò fi padà, tí wọ́n á sì ṣí i. Òfin 1971 kò ní ṣíṣí. Wọ́n sọ fún ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ń kó kina níbẹ̀ pé kó máa wá wò ó nínú omi bíi ti àlejò. Inú mi kò dùn sí i, síbẹ̀ tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń dájọ́, mi ò ní ṣí i. Màá kàn ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo ròyìn gbogbo èyí fún ìyá mi lórí fóònù, tí mo ní ó yẹ kí a ti apá kan ọ̀sà wa náà, kò bi mí léèrè snapper kankan. Ó ní, "Àwọn tó ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ pẹja, kí ni wọ́n máa jẹ kí ẹja tó padà?" Mo ní kí ìjọba gba àwọn apẹja náà sí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n máa sanwó oṣù fún wọn, nítorí àwọn ló mọ ibi tí ẹja ń yé sí àti ọ̀nà tí olè ń gbà lóru. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, kí ìjọba kọ́kọ́ san ti oṣù mẹ́fà sílẹ̀ ná.